Òjò Ti Dá, Odò Ṣì Ń Gòkè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́. Etídò ni ilé wa wà. Òjò ti dá láti ìjẹta, síbẹ̀ odò ò yéé kún. Omi ti ń sun láti ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ odò fúnra rẹ̀ kò tíì dé àgbàlá. Mo ní ká kó jáde, ìyá mi kọ̀. Wọ́n ní odò kì í kún bo ẹja lójú, pé tí omi bá dé ẹnu ọ̀nà, a ó máa lọ. Kí ni kí n sọ fún wọn? (Ọmọ Etídò)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bá mi kí ìyá rẹ. Èmi náà ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí, “tí omi bá dé ẹnu ọ̀nà.” Ọdún 21 ni mo fi ka ọ̀pá ìwọ̀n odò, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lóru ọjọ́ kan, omi ṣì jìnnà sí àtẹ̀gùn ilé mi, mo bá sùn. Nígbà tí mo jí, ilé gbẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí à bá gbà jáde lẹ́yìnkùlé ti di adágún. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni mo gbé lé èjìká. Omi mu mí dé àyà. Mi ò gbàgbé bí ó ṣe di irun mi mú.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Tí odò bá kún lọ́dọọdún, ó máa ń da iyanrìn àti ẹrẹ̀ sí bèbè, bèbè á wá ga ju ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Omi á yípo gba ibi tó rẹlẹ̀, á gé ọ̀nà kó tó dé iwájú ilé. Ọ̀nà ni kí ẹ máa ṣọ́, ẹ fi ẹnu ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Ní ti òjò tó dá, èyí tó rọ̀ sórí ilé yín kọ́ ló ń kún odò. Òkè odò ni omi ti ń bọ̀, odò kéékèèké sì ń da tiwọn sí i, kálukú ní àsìkò tirẹ̀. Bí odò bá gùn, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, àní ọ̀sẹ̀, kí èyí tó pọ̀ jù tó dé ọ̀dọ̀ yín, nígbà tí oòrùn ti ń ràn. Bí dáàmù bá sì wà lókè tí wọ́n ṣí i, omi lè gòkè láìsí òjò rárá.

Omi tó ń sun nínú yàrá, odò ló fà á. Tí odò bá ga, omi abẹ́ ilẹ̀ náà á ga, á gba inú iyanrìn yọ. Ohun tó wà nínú ṣáláńgá lè ti dé inú kànga báyìí. Omi tí ẹ bá máa mu, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

Lónìí, lọ wá ibi tó rẹlẹ̀ jù lójú ọ̀nà. Ri igi mọ́lẹ̀ létí omi, fi ọ̀bẹ sàmì sí i, kí o sì máa wò ó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá fi sẹ̀ǹtímítà 4 gòkè ní wákàtí kan, tí ọ̀nà sì fi 40 ga ju omi lọ, wákàtí 10 ló kù nínú ìṣirò. Èmi á pè é ní 5, torí omi lè yára sí i, òru sì wà láàárín. Ọgbọ́n àtijọ́ ni èyí: ní Cairo, wọ́n kọ́ òpó alámì sórí erékùṣù Roda lọ́dún 861, tí wọ́n fi ń wo bí odò Náílì ṣe ń kún.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé omi kò ju kókósẹ̀ lọ. Omi tó ń sáré, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 péré, lè ti àgbàlagbà ṣubú. Sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré lọ. Tí omi bá fà tán, ẹ má sáré wọlé: ògiri amọ̀ tó ti mu omi lè wó lẹ́yìn tí omi ti lọ, ejò sì lè ti sá sínú ilé.

Má bá ìyá rẹ jiyàn lórí òwe. Òótọ́ ni, ẹja ló ni odò. Mú wọn lọ́wọ́ lọ síbi igi náà, kí wọ́n fojú ara wọn rí àmì àárọ̀ tó ti wọ abẹ́ omi. Lẹ́yìn náà, fi sùúrù bi wọ́n ní ohun tí wọn kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ó lè jẹ́ àwòrán bàbá rẹ, tàbí ìwé ilẹ̀, tàbí ewúrẹ́ kan ṣoṣo. Kó ìyẹn jáde ṣáájú, lójú wọn, kí ilẹ̀ òní tó ṣú.