Báwo ni àwọn ajá inú géèmù yóò ṣe mọ ara wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe géèmù kan fún àwọn ọmọdé. Ajá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń gbó, wọ́n sì máa ń jà nídìí oúnjẹ. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tó dán an wò ní àwọn ajá náà kò mọ ara wọn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni àwọn ọmọ yẹn sọ. Ìrántí ni àwọn ajá yín kò ní. Ajá tí wọ́n já eegun gbà lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀, tí ó sì tún rìn lọ bá ẹni tó gbà á lọ́sàn-án bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, kò sí ọmọ tí yóò gbà pé ajá gidi ni, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dára tó.

Ní ọdún 2001, Bruce Blumberg, Bill Tomlinson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Media Lab, ilé ìwádìí kan ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ṣe àfihàn AlphaWolf, ìyẹn agbo ìkookò inú kọ̀ǹpútà, tí àwọn ọmọ ìkookò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà. Ẹni tó wá wò ó lè kùn bí ẹni tó ń bínú, kí ó sunkún bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, kí ó gbó tàbí kí ó hu sínú máìkì, ọmọ ìkookò tirẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé ohùn náà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìkookò kọ̀ọ̀kan ń rántí bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí nígbà tí ó pàdé ìkookò kan pàtó, tí ó bá sì tún rí i, ìmọ̀lára yẹn ni yóò kọ́kọ́ padà wá, kí ó tó pinnu ohun tí yóò ṣe.

Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ láìní ẹ̀rọ ńlá. Ẹ fún ajá kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kí nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ajá mẹ́ta yòókù, láti −1 tó jẹ́ ẹ̀rù pátápátá dé 1 tó jẹ́ ìgboyà pátápátá. Ẹ má ṣe tọ́jú ìtàn ìjà náà. Ìmọ̀lára nìkan ti tó. Lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ nọ́ńbà àtijọ́ kúrò nínú ti ìmọ̀lára tuntun, ẹ fi 0.2 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ kún ti àtijọ́. Ajá tó bẹ̀rẹ̀ ní 0, tí ìyà sì jẹ ẹ́ dé −1 nígbà mẹ́ta léraléra, yóò bọ́ sí −0.2, lẹ́yìn náà −0.36, lẹ́yìn náà −0.488, ìyẹn ni pé ìjà kan ṣoṣo kò lè ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Nọ́ńbà 12 péré ni gbogbo rẹ̀, kò sì pọn dandan kí ohun tí ajá kan ń rò nípa èkejì bá ohun tí èkejì ń rò nípa rẹ̀ mu.

Ẹ kíyè sí ibi tí nọ́ńbà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ìjà ipò ni gbogbo agbo ìkookò ń jà, ṣùgbọ́n ní ọdún 1999, David Mech, onímọ̀ nípa ìkookò ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ìdílé ni agbo ìkookò inú igbó sábà máa ń jẹ́, bàbá, ìyá àti ọmọ, àti pé ara àwọn ìkookò tí a sé mọ́lé, tí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, ni èrò ìjà ipò yẹn ti wá. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá kì í ṣe ìkookò, ìdílé ni tiyín náà, nítorí náà kò yẹ kí ìyá bẹ̀rẹ̀ ní 0 lójú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìrántí tí kò hàn lára kò wúlò fún ẹni tó ń wò. Kí ajá tó dé ọ̀dọ̀ èkejì ni kí nọ́ńbà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìrù, etí, ojú àti ìrìn rẹ̀ padà: ajá tó ń bẹ̀rù yóò ki ìrù bọ itan, yóò gbé ojú kúrò, yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ibí yìí ni kí ẹ ná àkókò yín sí jù lọ. Ẹ tún fi ọmọ tó ń ṣeré náà sínú àkọsílẹ̀ ajá kọ̀ọ̀kan, kí ajá tí ó bá ń fún ní oúnjẹ máa sáré pàdé rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ pa ohùn géèmù náà, kí ẹ sì bi ọmọ kan tí kò rí i rí pé ajá wo ló ń bẹ̀rù èwo. Bí kò bá lè dáhùn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ìrìn àti ìrù wọn ni kí ẹ padà lọ tún ṣe, kì í ṣe nọ́ńbà náà.