Ọmọ mi fẹ́ àwo àkọ́kọ́ Black Sabbath: ṣé kí n rà á fún un?

Ìbéèrè ìyá kan ní Dublin:

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 15, gìtá ló sì gbà á lọ́kàn báyìí. Tọ̀sán-tòru ló ń gbọ́ àwo orin kan tí àwọn Òyìnbó tó ń jẹ́ Black Sabbath gbé jáde ní ọdún 1970. Òjò àti ààrá ló fi bẹ̀rẹ̀, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń gbé òkú lọ, ẹnì kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Lójú àwo náà, obìnrin kan dúró nínú aṣọ dúdú. N kò ní parọ́, àyà mi já. Ó wá ní àwo ńlá yẹn gan-an ni kí n rà fún òun lọ́jọ́ ìbí òun. Bàbá rẹ̀ ní kí n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé orin òkùnkùn ni lóòótọ́? Kí ló sì dé tí ọmọ àná ń sá tẹ̀lé orin tó dàgbà ju èmi àti bàbá rẹ̀ lọ?

Ìdáhùn bàbá kan ní Birmingham:

Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ má gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ra àwo náà fún un. Ìlú tí wọ́n ti dá orin yẹn sílẹ̀ ni mò ń gbé, ọmọbìnrin tèmi náà sì gbọ́ ọ débi pé mo jókòó tì í, a jọ gbọ́ ọ látòkè délẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọmọ Aston, ní Birmingham níbí, ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Tony Iommi tó ń ta gìtá, Geezer Butler tó ń ta béèsì, Bill Ward onílù, àti Ozzy Osbourne tó ń kọrin. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ fákítírì ni Aston. Ozzy ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìpẹran, ó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ohùn fèrè mọ́tò ṣe. Ìran Ítálì ni Iommi. Áyálándì tí ẹ wà yẹn ni àwọn òbí Butler ti wá, ilé Àgùdà ni wọ́n sì ti tọ́ ọ. Ọmọ àwọn tó ṣí wá nítorí àtijẹ wà lára wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ tiwa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Butler fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé lóru ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí òun ka ìwé kan lórí idán dúdú, òun lajú, òun sì rí ẹ̀dá dúdú kan tó dúró sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà náà ló ti pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tì. Ohun tó rí lóru yẹn ló di orin àkọ́kọ́ nínú àwo náà. Tí ẹ bá fi ara balẹ̀ gbọ́ ohun tí Ozzy ń ké, kò pe Sàtánì rárá. Ọlọ́run ló ń ké pè kí ó gba òun, jìnnìjìnnì sì wà lóhùn rẹ̀. Bàbá Ozzy ló fi irin ṣe àgbélébùú fún àwọn ọmọ náà, wọ́n sì ń gbé e kọ́rùn kiri. Àgbélébùú tí wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀ nínú páálí àwo ńlá ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo jáde ló fi í síbẹ̀ láìbi wọ́n. Obìnrin aláṣọ dúdú yẹn, ọmọge tí wọ́n háyà fún fọ́tò ni. Ọlọ ìyẹ̀fun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń jẹ́ Mapledurham, ó wà létí odò Thames ní Oxfordshire, omi ló ń yí i, ó sì ń lọ ìyẹ̀fun títí dòní.

Orin kan wà níbẹ̀ tó lè kọ yín lóminú ju ìyẹn lọ, N.I.B. ni wọ́n pè é. Sàtánì ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: ó kó sínú ìfẹ́, ó ní òun fẹ́ yí padà. Àwọn kan fún lẹ́tà mẹ́ta yẹn ní ìtumọ̀ tó ń bani lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ irùngbọ̀n Bill Ward ni wọ́n ń wò tí wọ́n ní ó ṣóńṣó bí ẹnu gègé, èyí tí Òyìnbó ń pè ní nib. Èmi kò fẹ́ràn kí ọmọ mi máa kọ ọ́ kiri ilé, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó gbọ́. Ẹ̀yin náà lè sọ fún tiyín.

Ṣùgbọ́n ibi tó wù mí jù ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ Iommi, pàápàá torí pé ọmọ yín ń kọ́ gìtá. Ọmọ ọdún 17 ni, níbi tí wọ́n ti ń gé páànù irin ló ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì já, ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọlọ́wọ́-òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló sì fi ń tẹ okùn gìtá. Wọ́n ní gìtá ti parí fún un. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ wá gbé àwo Django Reinhardt wá fún un, onígìtá tí iná ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ tó sì ń fi ìka méjì ta orin tó ń ya gbogbo ayé lẹ́nu. Bí Iommi ṣe dìde nìyẹn. Ó mú ike ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, ó yọ́ ọ, ó mọ ọ́n ní róbótó, ó fi irin gbígbóná lu ihò sí i, ó ń fá a díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọ ìka rẹ̀. Ó wá gé awọ jákẹ́ẹ̀tì àlòkù lẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè di okùn mú. Okùn gìtá ṣì ń dun ọgbẹ́ rẹ̀, ló bá lọ wá okùn báńjò tó tín-ín-rín fi sí i. Ọwọ́ yẹn lẹ̀ ń gbọ́ nínú àwo yìí.

Tí ẹ bá ti wà ní kóáyà rí, ẹ fi ẹnu dán ohùn mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́ wò: dò, kí ẹ fò sí dò ti òkè, kí ẹ wá balẹ̀ sórí fe, èyí tó wà láàárín fà àti sọ̀, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n níbẹ̀. Etí ń retí kó dé orí sọ̀, kò sì ní dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù yẹn ti ń wá, kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Butler ló ti ń ta Mars, orin Gustav Holst, nígbà tó di ọjọ́ kejì Iommi mú ohùn mẹ́ta yìí wá.

Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1969 ni wọ́n gba orin náà sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Regent Sound ní Lọ́ńdọ̀nù, Rodger Bain ló bójú tó ìgbàsílẹ̀ náà. Ọjọ́ kan péré. Wọ́n to ara wọn síbẹ̀, wọ́n ta á bí wọ́n ṣe ń ta á lóde. Orin kan ni Iommi tíì gbà tí gìtá rẹ̀ fi bàjẹ́, ló bá gbé òmíràn, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Òjò àti agogo, ẹ̀yìn tí wọ́n ti lọ ni wọ́n fi wọ́n kún un. Orin blues àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́, ó hàn níbi tí Ozzy ti ń fọn hamóníkà nínú orin The Wizard. Ẹ gbọ́ Bill Ward níbẹ̀: kò kàn ń ka ìgbésẹ̀ fún wọn, ó ń dá gìtá lóhùn bí omele ṣe ń dá ìyáàlù lóhùn.

Ẹ bèèrè ìdí tí ọmọ àná fi ń sá tẹ̀lé e. Èrò tèmi ni pé kò sí ojú ayé nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 mọ ìgbà tí àgbàlagbà bá ń ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù kì í bà, àwọn mẹ́rin yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwo náà jáde ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1970, àwọn oníròyìn orin bú u gan-an, síbẹ̀ ó dé ipò kẹjọ ní Bìrìtìkó, ó sì dé ipò 23 ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń júwe rẹ̀ fún ara wọn, bí ọ̀rẹ́ kan ṣe júwe rẹ̀ fún ọmọ yín. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ṣe ìdágbére ní pápá bọ́ọ̀lù Villa Park, ní Aston níbẹ̀, N.I.B. sì wà lára orin mẹ́rin péré tí wọ́n ta. Ọjọ́ 22 oṣù náà ni Ozzy kú. Mo gba orí afárá tí wọ́n fi orúkọ wọn pè ní Broad Street kọjá lọ́sẹ̀ yẹn: òdòdó bo bẹ́ńṣì wọn tó wà níbẹ̀, àwọn bàbá tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì dúró pẹ̀lú ọmọ ilé-ìwé, wọ́n ń kọ orin kan náà.

Ohun tó yẹ kí ẹ bá ọmọ sọ gan-an ni ọtí àti oògùn olóró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe lé Ozzy kúrò nínú ẹgbẹ́ ní ọdún 1979, òun fúnra rẹ̀ kò sì fi pamọ́. Ẹ má fi bò fún ọmọ.

Ẹ bá mi kí bàbá ọmọ, ẹ ní kí ó fi fóònù sílẹ̀ ná, kí ó jókòó gbọ́ orin àkọ́kọ́ parí, ìṣẹ́jú mẹ́fà àti díẹ̀ ni. Tí ẹ bá fẹ́ ra àwo, ẹ má wulẹ̀ wá ti ọdún 1970, owó rẹ̀ ti ga jù. Èyí tí wọ́n tún tẹ̀ dára. Ẹ kàn bi ọmọ bóyá ti Bìrìtìkó tàbí ti Amẹ́ríkà ló ń fẹ́, nítorí orin Evil Woman wà lórí ti ibí, Wicked World ló sì rọ́pò rẹ̀ lórí ti ọ̀hún. Ẹ ra okùn gìtá tó tín-ín-rín kún un, nọ́ńbà 8, irú èyí tí Iommi ń lò. Ìka ọmọ kò ní dùn ún púpọ̀, yóò sì rí ohùn mẹ́ta yẹn ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan.