Ajá kọ́ ló ṣẹ̀

Àbúrò mi kan ní kí n la òwe “àgùntàn tó bá bá ajá rìn, yóò jẹ ìgbẹ́” yé òun. Ó fẹ́ lé ọmọ aládùúgbò rẹ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ tirẹ̀, nítorí wọ́n sọ lórí rédíò pé ọmọ burúkú, ìpátá, ni ajá inú òwe yẹn.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kí ni ajá ṣe fún wọn? Ẹni tí kò gbé agbolé rí ló ń túmọ̀ òwe agbolé fún wa. Nígbà tiwa, bí ọmọ ọwọ́ bá ṣu sílẹ̀, ajá ni ìyá rẹ̀ ń pè. Ajá á dé, á lá ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ìyá ọmọ á sì tún yìn ín. Iṣẹ́ ilé ló ń ṣe! Oúnjẹ rẹ̀ ni, kò jí i jẹ. Àgùntàn ní tirẹ̀, koríko àti èèpo iṣu ni wọ́n fi ń sìn ín. Ọjọ́ tó bá ti ẹnu bọ ohun tó wà níwájú ajá ló di ohun ìríra.

Nítorí náà, òwe yìí kò ní ọ̀rẹ́ rẹ burú. Ohun tó ń sọ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀rẹ́ rẹ lè jẹ́ ọmọlúàbí, kí ohun tó tọ́ nílé wọn sì jẹ́ èèwọ̀ nílé yín.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, mo mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó ní 1851, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá bá wọn. Òun padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kúrò mọ́. Àwọn la ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà kan náà là jọ ń pẹja, ọjà kan náà là ń ná, a sì ń fẹ́ ara wa. Síbẹ̀, títí dòní, Èkó-Ẹ̀pẹ́ ló ni ọdún Káyókáyó, tí wọ́n fi ń rántí dídé wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú á lọ bá wọn jẹ, á bá wọn jó, á sì padà wá bá ìṣe ilé tirẹ̀.

Ìyá mi àgbà kì í dá mi dúró bí mo bá ń lọ bá ẹgbẹ́ mi. Á kàn ní, “Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe.” Kò ní dárúkọ ọ̀rẹ́ kankan. Bí mo bá dé, á bi mí ohun tí mo jẹ níbi tí mo lọ.

“Igba ojú ní í wo ọmọ” dùn lẹ́nu, àmọ́ níbo ni igba ojú ọ̀hún wà lónìí? A ti mọ fẹ́ǹsì, a ti ti géètì. Ọmọ ń bá ẹni tí kò rí rí rìn nínú fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, bàbá kò mọ̀. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ tán ni wọ́n á wá gbé òwe ajá síta. Òwe tó yẹ kó bá onílé wí, ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n fi ń nà!

Àbúrò mi, má lé ọmọ yẹn. Pè é wọlé, fún un lóúnjẹ, bi í ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn. Lẹ́yìn náà kí o jókòó ti ọmọ tìrẹ, kí o sọ ohun tí ẹ kì í ṣe nílé yín fún un, àti ìdí tí ẹ kì í fi í ṣe é. Bí ìwọ náà kò bá mọ ìdí rẹ̀, bàbá rẹ ṣì wà láyé, lọ bi í.