Ṣé wọ́n lè fi sẹ́ẹ̀lì ṣe kòmóòkun tuntun fún àbúrò mi?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ní jàǹbá ọ̀kadà, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ẹ̀rọ tó ń báni mí. Ní báyìí, bó bá ń mí, á máa dún bí ẹni ń súfèé. Wọ́n ní kòmóòkun rẹ̀, ọ̀nà tí èémí ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ti há. Ẹnì kan ní ilé ìwòsàn kan wà lókè òkun tó lè fi sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ ṣe tuntun fún un, pé ká tètè san àsansílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀.

Ẹ fi ìka tẹ ọrùn yín nísàlẹ̀ gògóńgò. Àwọn òrùka líle yẹn ni kòmóòkun. Bó ṣe jọ páìpù ló ń tan èèyàn jẹ, bíi pé ká ṣáà pe púlọ́ńbà. Inú rẹ̀ ní irun wẹ́wẹ́ tó ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bọ̀ sókè tọ̀sán-tòru, àwọn iṣan tó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un tín-ín-rín bí òwú. Kíndìnrín ní iṣan ńlá tá a lè rán mọ́ ara. Ti kòmóòkun ò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá sì dé, jíjẹrà ló máa jẹrà.

Lọ́dún 2008, ní Barcelona, wọ́n fọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì kúrò lára kòmóòkun òkú, wọ́n fi ti aláìsàn sí i. Ariwo ayọ̀ sọ. Nígbà tó di 2011, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Paolo Macchiarini, bẹ̀rẹ̀ sí í lo kòmóòkun oníke ní ilé ìwòsàn Karolinska, ní Stockholm, ní Sweden, pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì láti inú mùdùnmúdùn egungun. Èèyàn mẹ́ta ló fi sí lára níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú. Lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Sweden rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì ààbọ̀.

Ọgbọ́n tó wù mí jù ni ti àwọn dókítà ìlú Leuven, ní Belgium: wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú kòmóòkun òkú sínú apá aláìsàn fún oṣù mélòó kan, títí iṣan ẹ̀jẹ̀ fi hù wọ inú rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọrùn. Kì í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ o.

Ti àbúrò yín lè má tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi tí rọ́bà ẹ̀rọ bá ti há kòmóòkun kì í sábà gùn. A lè gé e kúrò, ká so orí méjèèjì pọ̀. Lára àgbàlagbà, a lè gé tó ìdajì nígbà míì. Ẹ mú un lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀fun, kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú rẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè pé sẹ̀ǹtímítà mélòó ló há.

Bí ibi tó kòtò nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó bá ń mí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru yìí.