Ṣé Ọmọ Ẹja Titus ni Sadíìnì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ara ọmọ mi máa ń sú nígbàkígbà tó bá jẹ ẹja Titus tí a rà ní Kútọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja wa ní kí n máa fún un ní sadíìnì inú agolo, pé ọmọ Titus ni, kò tíì gbó débi tí yóò fi yọ ọmọ lẹ́nu. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe òótọ́ rárá, ó sì ń dùn mí pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ti di ìmọ̀ràn ìlera lórí àtẹ ẹja.

Titus kì í ṣe orúkọ ẹja. Orúkọ ara agolo sadíìnì kan ni, ọjà ló gbé e fún ẹja yìnyín tó ń jẹ́ makẹ́rẹ́ẹ̀lì. Bẹ́ẹ̀ agolo Geisha, tí makẹ́rẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, ni àwọn mìíràn ń pè ní sadíìnì! Sadíìnì fúnra rẹ̀ ju ẹja kan lọ. Oríṣiríṣi ẹja kéékèèké ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣáwá wa sì jẹ́ ìbátan wọn. Ẹjọ́ lórí ẹja tó lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ náà dé iwájú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, orílẹ̀-èdè Peru sì jàre àwọn ará Yúróòpù ní 2002.

Ẹ gbé ṣáwá àti Titus sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìpẹ́ ṣáwá fẹ̀, ó sì máa ń ṣí mọ́ni lọ́wọ́; lẹbẹ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹ bá sì fi ìka tọ abẹ́ ikùn rẹ̀ láti ìrù lọ sí orí, yóò ha yín lọ́wọ́. Titus ní lẹbẹ méjì àti ilà dúdú tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lẹ́yìn, ara rẹ̀ sì ń yọ̀. Ẹ la ikùn ṣáwá, ẹ ó máa bá ẹyin nínú òmíràn, nítorí àgbà tí ń bímọ ni. Kò sí bó ṣe lè pẹ́ láyé tó tí yóò di Titus, bí ewúrẹ́ kì í ti í di màlúù.

Ní ti ọmọ yín, èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ ẹja kan sábà máa ń kọ òmíràn, àti pé májèlé tó ń wọ ẹja tí yìnyín rẹ̀ ti yọ́ kì í bá iná lọ, ìbáà ṣe Titus tàbí sadíìnì. Nítorí náà, ẹ dá gbogbo ẹja dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ètè rẹ̀ bá wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún dókítà pé makẹ́rẹ́ẹ̀lì ló jẹ, kí ó má baà gbọ́ Titus kó rò pé sadíìnì ni.