Ìbéèrè Yín: Àgbébọ̀ Mi Ń Tiro, Àtẹ́lẹsẹ̀ Rẹ̀ sì Wú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, adìyẹ mẹ́fà ni mo ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé. Ó tó ọjọ́ mẹ́rin tí èyí tó sanra jù nínú wọn ti ń tiro, tí ó sì máa ń ká ẹsẹ̀ kan sókè bí ó bá dúró. Nígbà tí mo gbé e wò, mo rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ náà wú, èépá dúdú sì wà láàárín rẹ̀. Aládùúgbò mi ní kí n fi abẹ là á kí ọyún lè jáde. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé a sì lè máa jẹ ẹyin rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi abẹ kàn án. Ọyún adìyẹ kì í ṣàn bíi ti ènìyàn. Ńṣe ló máa ń gan tí ó sì ń le, nítorí náà ẹni tó bá là á nílé kò ní rí ohun púpọ̀ tú jáde ju ẹ̀jẹ̀ lọ, ó sì lè ti àrùn náà wọnú iṣan àti eegun. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ egbò àtẹ́lẹsẹ̀ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí awọ ibẹ̀ bá bó tàbí tí ohun mímú bá gún un, tí kòkòrò àìfojúrí, pàápàá Staphylococcus, sì gba ibẹ̀ wọlé. Kòkòrò yìí lè ran ènìyàn náà, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Bí wíwú náà kò bá tíì kọjá àtẹ́lẹsẹ̀, tí adìyẹ náà sì ń jẹun, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú nílé. Ẹ bu iyọ̀ Epsom (magnesium sulphate, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀) síbí kan tàbí méjì sínú abọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì ti ẹsẹ̀ náà bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí ẹ bá fi aṣọ bo ojú rẹ̀ tí ẹ sì gbé e mọ́ra, kò ní jà púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ nu ún gbẹ, ẹ fi ayodíìnì tí ẹ ti fi omi là wẹ ojú egbò náà, ẹ fi òwú mímọ́ lé e, kí ẹ sì fi báńdéèjì dì í, ṣùgbọ́n kí ó má fún ẹsẹ̀ pa. Ẹ máa ṣe èyí lójoojúmọ́. Bí èépá náà bá rọ̀ tí ó sì ṣí fúnra rẹ̀, ó dára. Ẹ má ṣe fà á tu. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó san tán.

Bí ó bá wú dé ojúgun, tí adìyẹ náà kò bá jẹun mọ́, tàbí tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí ìyàtọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ. Òun nìkan ló yẹ kí ó la egbò náà tàbí kí ó yan oògùn apakòkòrò (antibiotic). Ní ti ẹyin, fífọ àti dídì ẹsẹ̀ kò ba ẹyin jẹ́. Bí ó bá jẹ́ oògùn apakòkòrò ni ẹ fún un, ẹ bi dókítà ní iye ọjọ́ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin náà.

Ohun tó jẹ mí lógún jù lọ ni ibi tí ó ń sùn. Adìyẹ tó wúwo tí ó ń fò sílẹ̀ láti orí igi gíga sórí ilẹ̀ líle ni egbò yìí máa ń mú, bí ẹ kò bá sì tún un ṣe, yóò padà wá. Ẹ sọ igi náà kalẹ̀ kí ó má ga ju nǹkan bí 45 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí ó fẹ̀ tó 5 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì fá etí rẹ̀ kí ó dán. Ẹ ṣa ìṣó àti wáyà kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ lẹ́búlẹ́bú pákó tó bá ti rin.

ÌBÉÈRÈ: Èépá funfun bo ojúgun àkùkọ mi, kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣé àrùn kan náà ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Kòkòrò tíntìntín tó ń gbé lábẹ́ ìpẹ́ ẹsẹ̀ ló máa ń fà á. Ẹ fi omi wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ náà, kí ẹ sì fi fasilíìnì pa á nípọn láti fún kòkòrò náà pa. Ẹ máa tún un ṣe léraléra títí ìpẹ́ tuntun yóò fi yọ. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ gbogbo adìyẹ yòókù wò pẹ̀lú, nítorí ó máa ń ran láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì.