Kí o tó ju yìnyín sínú omi iyùn rẹ

Àbúrò mi ní Kétu, mo ti ka ohun tí o kọ. O ní àpótí dígí olómi-iyọ̀ rẹ gba 200 lítà, pé omi rẹ̀ ń gun digírì 31 lọ́sàn-án, pé méjì nínú iyùn tí o ń sìn sínú rẹ̀ (ẹran òkun alààyè ni mo ń wí, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) ti ń funfun. O wá ń béèrè bóyá kí o máa ju ìgò yìnyín sí i títí owó ẹ̀rọ amómitutù yóò fi pé. Má jù ú o. Èmi náà ti jù ú rí níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nínú àpótí tó tóbi bíi tìrẹ gẹ́lẹ́.

Oṣù kẹta ọdún ni, ìgbà tí páànù òrùlé máa ń ta pàù-pàù bí ẹni ń yan àgbàdo. Iná ti lọ láti àárọ̀. Mo dé ní aago márùn-ún, mo bá omi ní 31.5, àyà mi já. Ìgò oní-lítà kan àbọ̀ mẹ́fà wà nínú fìríísà, wọn ò tíì yọ́, mo kó gbogbo wọn sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó di aago méje ó ti bọ́ sí 27.5. Mo nu òógùn ojú mi, mo ní mo ti gbà wọ́n là.

Ilẹ̀ mọ́, iyùn tó ti ń tanná bí òdòdó ń da kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹran ara rẹ̀ ń já kúrò lára egungun. Ẹja méjì ti kú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ikú wọn ò dọ́gba. Omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ sára tó omi tútù, ẹ̀rọ tó ń ru omi sì ti dákẹ́ láti àárọ̀: àìrí èémí ló pa àwọn ẹja. Ti iyùn, ọwọ́ mi ni. Ooru gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀, èmi wá já a wálẹ̀ digírì mẹ́rin láàárín wákàtí méjì. Lónìí, bí iná bá lọ, ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ni mo máa ń kọ́kọ́ tàn. Ọ̀rọ̀ ooru tẹ̀ lé e, n kì í sì í jẹ́ kó sọ̀ ju digírì kan lọ láàárín wákàtí mẹ́fà.

Àti pé yìnyín náà ò tó nǹkan. Ìgò kan nínú 200 lítà ò mú tó digírì kan kúrò, bó bá yọ́ tán, ooru á padà. Gòkè, sọ̀, gòkè, sọ̀, iyùn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. (Ìyàwó mi ní ẹja tí a ò lè jẹ ti gba àyè ẹja tí a fẹ́ jẹ nínú fìríísà. Mi ò rí èsì fọ̀ ọ́.)

Ohun tó gbà mí ni fáànù. Ṣé o rántí àmù tó máa ń wà nígun ilé àwọn ìyá wa àgbà, tí omi rẹ̀ tutù láìsí iná? Omi tó ń gbẹ lára àmù ló ń kó ooru lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni dígí rẹ: lítà kan tó bá gbẹ lójú omi, ooru tó bá a lọ tó láti mú 200 lítà wálẹ̀ ju digírì méjì àbọ̀ lọ. Mo ra fáànù kékeré méjì tí wọ́n tú lára kọ̀ǹpútà, mo so wọ́n mọ́ etí dígí kí wọ́n máa fẹ́ sí ojú omi. Fólítì 12 ni wọ́n ń lò, bátìrì ọkọ̀ lè gbé wọn bí iná bá lọ, láìwá kpayó, epo pẹtiróòlù fàyàwọ́ ẹ̀bá títì, kiri. Mo ṣí ìdérí dígí kúrò, mo fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, torí ẹja máa ń fò. Mo sún ìmọ́lẹ̀ kúrò lọ́sàn-án sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí di òru. Láti 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó wá ń dúró ní 27.

Kétu gbẹ ju Àjàṣẹ́ lọ, fáànù rẹ á ṣiṣẹ́ ju tèmi. Ní oṣù kẹfà, tí ọ̀rinrin ọ̀sà bá bo ìlú níbí, tèmi kàn ń yí lásán ni. Ṣùgbọ́n ooru ò bẹ̀rù Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú yín, ọyẹ́ náà ò sì bẹ̀rù rẹ̀: lóru ọyẹ́ kan mo gbàgbé láti pa fáànù, mo jí bá omi ní 22. Ra ẹ̀rọ pélébé tó ń fúnra rẹ̀ tan fáànù ní 26.5, tó ń pa á ní 26. Híítà rẹ kó má tóbi jù, 100 wáàtì tó. Tèmi kan há sórí iná rí, ìbá ti se wọ́n bí ọbẹ̀ ká ní ó tóbi.

Omi tó bá gbẹ, omi lásán tí a sẹ́ dáadáa ni kí o fi dí i, lójoojúmọ́. Iyọ̀ kì í bá omi lọ sókè. Lítà mẹ́ta ni tèmi ń pàdánù lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́ta láìbu omi kún un, iyọ̀ á ti ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Dán tẹmọ́mítà rẹ wò pẹ̀lú, nínú ife tí yìnyín fífọ́ àti omi díẹ̀ kún: ó gbọ́dọ̀ kà òdo. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ dígí, digírì méjì ni tèmi fi ń purọ́.

Àwọn iyùn funfun yẹn, má dà wọ́n nù. Ewéko kéékèèké tó ń gbé inú ẹran wọn, tó ń bọ́ wọn, ni wọ́n tú síta. Egungun lò ń rí láti inú ẹran tó mọ́ gaara. Bí ẹran bá ṣì wà, ó lè padà. Dín ìmọ́lẹ̀ kù fún wọn.

Ẹ̀rọ amómitutù ò burú, àmọ́ inú yàrá kan náà ló ń tu ooru sí, tí iná bá sì lọ, ó di àpótí lásán. Kọ ìwọ̀n ooru omi rẹ sílẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán àti aago mẹ́wàá alẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú fáànù, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Ìgbà yẹn la máa mọ̀ bóyá owó náà yẹ ní yíyọ.